Yánrin Tí Kò Korò

Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ dé. Kí Jàbárù tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń bá a kó ẹrù, òórùn ohun tó kó ti gba ẹnu géètì wọlé ṣáájú rẹ̀. Ewé kábéèjì tó ti rà. Èèpo iṣu. Pòròpórò àgbàdo. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti já tán. Tòmátì tó fọ́, tí kò rí ẹni rà á lánàá, tí kò ní rí ẹni rà á lónìí. Gbogbo ohun tí ọjà Utako ní Àbújá bá kọ̀ sílẹ̀, Idu ló ń wá bá Jàbárù.

Á da gbogbo rẹ̀ sórí tapólì. Á jókòó sórí àpótí. Á mú àdá. Á máa gé e wẹ́wẹ́, bí ẹni ń gé ilá, àfi pé kò sí ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Ẹni tó máa jẹ ẹ́ kúkú wà. Àgbá ni.

Àgbá dúdú kan tó ga ju ènìyàn lọ, lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé. Ẹnu kan ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, ẹnu kejì ni omi ń gbà jáde. Láti orí rẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú ògiri wọ ilé ìdáná. Ohun tó bá jẹrà nínú àgbá yẹn, níbi tí atẹ́gùn kò dé, á tú afẹ́fẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jó bíi gáàsì. Ọ̀gá fi ń se ìrẹsì. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, omi dúdú tó ki bí ògì tí wọn kò sẹ́, ìyẹn ni ti Jàbárù.

Ti Jàbárù àti ti ẹ̀fọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá yìí, Akínjídé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Èkìtì. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ara àwọn tó ń wọ kóòtù nínú ooru. Ó rí irú àgbá yìí níbi tí wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́, ló bá ní kí wọ́n bá òun ṣe ọ̀kan sórí ilẹ̀ òun ní Idu. Wọ́n ṣe é. Ìgbà tí wọ́n ṣe é tán ló tó rí i pé àgbá náà ń fẹ́ oúnjẹ lójoojúmọ́, bí ọmọ ọwọ́, àti pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ tọrọ èèpo iṣu lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà.

Jàbárù mọ̀ ọ́n. Ata ló ń tà ní Utako tẹ́lẹ̀, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ láti máa gbé agbọ̀n. Akínjídé jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, bó ti ń ṣa ata sínú nọ́lọ́nù, ó ní:

"Bàbá Rahmah, ẹ ò ṣe wá bá mi ṣọ́ ilé? Ẹ bá mi bọ́ àgbá mi. Ilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbin ohun tó bá wù yín síbẹ̀."

Ohun tó wu Jàbárù, ẹyọ kan ni. Kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbìn.

Ruqoyyah, ìyàwó rẹ̀, ló wù ú kó padà.

*

Àìsàn ìyá Ruqoyyah ló gbé e lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́. Báàgì kan ṣoṣo ló mú. "Mò ń bọ̀," ó wí, bí ẹni ń lọ ra iyọ̀. Ó fi àwọn ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi orógùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìṣó. Rahmah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti wà nílé ọkọ ní Ìlọrin nígbà yẹn, nítorí náà Jàbárù nìkan ló kù nínú yàrá wọn, tó ń wo ìkòkò.

Ìyá náà pẹ́ lórí àìsàn. Ó pẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Nígbà tó wá lọ, Jàbárù wọ ọkọ̀ lọ sin ín, ó dúró títí wọ́n fi ṣe fìdáù. Àwọn àlejò túká. Ilé dákẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó jókòó sórí òkúta, tó ń já ẹ̀fọ́ yánrin tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri.

Bẹ́ẹ̀ ni yánrin ṣe ń hù nílé wọn. Ẹnikẹ́ni kì í gbìn ín. Ẹnikẹ́ni kì í tọ́jú rẹ̀. Òjò á rọ̀, á jáde láàárín òkúta, ewé rẹ̀ á ní eyín bí ayùn, bí o bá já a, wàrà funfun á sun jáde. Á korò. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, á ṣì korò, wọ́n á fi irú àti ẹ̀gúsí sè é, ìkorò yẹn gan-an sì ni gbogbo ènìyàn á máa lá nínú àwo.

"Ìgbà wo la máa padà?" Jàbárù bi í.

"Padà síbo?"

"Àbújá."

Ruqoyyah kò gbé orí sókè. "Bàbá Rahmah, ilẹ̀ tí kò lè hu yánrin, kí ni mo tún ń wá lọ síbẹ̀? Gbogbo ewé tí mo jẹ ní Àbújá, ẹnu mi kò bá wọn tan. Ọjọ́ tí ẹ bá rí yánrin tó hù níbẹ̀, kí ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Jàbárù náà rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyàwó ilé tó ń fọ àwo nítòsí bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni.

Ṣùgbọ́n ní ìdájí ọjọ́ kejì, kó tó lọ wọ ọkọ̀, Jàbárù tẹ̀ ba lẹ́sẹ̀ ògiri náà. Ó fi ọ̀bẹ wa díẹ̀ nínú yánrin ìyá ìyàwó rẹ̀ tegbòtegbò. Ó fi aṣọ tútù wé e. Ó gbé e sórí itan láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Àbújá, bí ẹni gbé ọmọ ẹlòmíràn.

Kò sọ fún Ruqoyyah pé: dìde, ká lọ. Àwọn ọkùnrin ilé wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Jàbárù kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ rí. Bí ìyá rẹ̀ bá bínú lọ sílé bàbá rẹ̀, ẹran ni ọkọ rẹ̀ máa ń rà, á gbé e lọ síbẹ̀, á jókòó, á máa sọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n á jọ padà wálé.

*

Ilẹ̀ Idu kì í ṣe ilẹ̀ yánrin. Yangí ni. Pupa, le, ó ń fọhùn padà bí ọkọ́ bá kàn án. Jàbárù kọ ebè kéékèèké, ó gbin gbòǹgbò tó gbé wá. Wọ́n dúró. Wọn kò kú, wọn kò dàgbà. Ewé wọn ká jọ bí etí aláìsàn. Lẹ́yìn náà àwọn kan kú.

Akínjídé ló ní kó gbìyànjú omi àgbá. Ó ní ohun tí ewé bá fi dàgbà ṣì wà nínú ewé tó jẹrà. Ajílẹ̀ ni. Kò ní kẹ́míkà kankan nínú.

Jàbárù bu korobá kan, ó dà á sídìí wọn bó ṣe wà. Kí oòrùn tó yí, ebè kan ti gbẹ bí ẹni pé wọ́n fi iná jó o.

Ọ̀gá dé láti ibi iṣẹ́, ó wò ó. "Kò sí bó ṣe lè yè é. Ẹ lọ fi ẹ̀bà bọ́ ọmọ tuntun."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dà á."

"Mo ní kí ẹ dà á, mi ò ní kí ẹ fi pa á. Omi lẹ máa fi là á, Bàbá Rahmah, omi tó pọ̀. Ẹ má sì máa dé e bí ẹ bá ti bù ú. Ẹ jẹ́ kó wà ní gbangba kó fẹ́ atẹ́gùn. Bó ti ń jáde látinú àgbá yẹn, ó ṣì ń mí."

Òtítọ́ ni. Ó ń mí. Jàbárù máa ń jókòó ti ọpọ́n tó ń bu omi náà sí bó bá ti parí ìrun Àsárì, á máa wo ìfófòó kéékèèké tó ń gòkè, tó ń bẹ́, tó ń gòkè. Bí ẹni tó sùn. Bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan lójú oorun tí kò rí i sọ.

Ó ń là á. Ó ń fi agolo tó lu ihò sí nídìí wọ́n ọn, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Òjò kan rọ̀. Òjò kejì rọ̀. Yánrin sì gbà.

Ó gbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ó tutù, ó ń dán, ó rọ̀ bí aṣọ. Àwọn tó ń kọjá níta ń bèèrè bóyá lẹ́tùúsì ni. Obìnrin kan fẹ́ rà á. Jàbárù ní kì í ṣe títà.

Ó já èyí tó dára jù. Ó wọ́n omi sí i. Ó dì í sínú àpò ìrẹsì, ó gbé e lọ sí páàkì Utako, lọ́dọ̀ Yínúsà, ọmọ Ìlọrin tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Yínúsà fọwọ́ tẹ àpò náà. "Bàbá, sànnu o. Wáìbìlì kí ni eléyìí?"

"Ẹ̀fọ́ ni."

"Ẹ̀fọ́. Láti Àbújá, lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́." Ó wò yí ká bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí. "Kai. Ẹ gbé omi lọ fún odò. Ta ló máa gbà á?"

"Ìyá Rahmah."

"Ìyàwó yín?"

"Ìyàwó mi."

Yínúsà gbé àpò náà sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níwájú, kúrò lábẹ́ ẹrù. "Ọkùnrin mìíràn á fi ańkárá ránṣẹ́," ó wí. "Ẹ̀yin ń fi ẹ̀fọ́ fẹ́ ìyàwó. Ó dáa. Màá gbé e dé ibẹ̀."

*

Ọkọ̀ ojú irin máa ń kọjá nítòsí Idu. Jàbárù mọ ohùn rẹ̀. Kàdúná ló ń lọ. Kàdúná ló ti ń bọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kó dé ilé ọ̀gá, ó bi àwọn ẹ̀ṣọ́ ibùdó ọkọ̀ náà bóyá ọ̀kan wà tó ń lọ sápá ilé wọn, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ bó bá ti fọn fèrè, á dá ọwọ́ àdá dúró. Á tẹ́tí. Á máa gbọ́ ọ títí á fi rìn jìnnà pátápátá, sí ibi tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ Ruqoyyah.

Inú ìdádúró báyìí ló wà nígbà tí fóònù dún.

"Mo rí ẹ̀fọ́," ni Ruqoyyah wí.

"O rí i."

"Mo sè é."

Jàbárù gbọ́ adìyẹ kan lẹ́yìn rẹ̀, gbọ́ ẹni tó ń fọ nǹkan.

"Ẹ̀fọ́ kí ni, Bàbá Rahmah?"

"Yánrin ni. Ti ẹsẹ̀ ògiri Màámi ni. Ibẹ̀ ni mo ti wa gbòǹgbò rẹ̀."

"Ó jọ yánrin. Kì í ṣe yánrin. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bọ̀ ọ́, mi ò tilẹ̀ fún omi rẹ̀ dànù, kò korò. Kò korò rárá. Ó kàn ń yọ̀ lẹ́nu, bí ewé òyìnbó." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló ń bá yín tọ́jú rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin. Ẹ̀yin tí mo fi ata inú ike sílẹ̀ fún lẹ́nu ọ̀nà wa, tó kú kí n tó ti ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi dé. Ẹ̀fọ́ tó sanra tó báyìí. Ọwọ́ obìnrin ni mo rí lára rẹ̀."

"Àgbá ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àgbá. Ọmọ ìlú ibo ni?"

Jàbárù rẹ́rìn-ín, ó sì rò ó fún un. Ọjà Utako. Èèpo. Àdá. Àgbá dúdú lábẹ́ máńgòrò, ẹnu tó ń jẹ, ẹnu tó ń bì. Omi tó ń mí. Agolo oníhò. Ruqoyyah kò dá a lọ́rọ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ ó máa ń dá a lọ́rọ̀ dúró tẹ́lẹ̀.

"Ṣé torí yánrin lẹ ṣe ń gé èèpo iṣu lójoojúmọ́?" ó bi í nígbà tó parí.

Ibi tó yẹ kó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀.

"Ọ̀gá náà ń fi gáàsì rẹ̀ dáná," ni Jàbárù wí.

"Ó dáa." Ohùn rẹ̀ ti yí padà sí ti ẹni tó fẹ́ padà sídìí iṣẹ́. "Ẹ bù nínú omi yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé Màámi ti gbó. Mo fẹ́ gbin iṣu díẹ̀ síbẹ̀."

Iṣu.

Jàbárù jókòó sórí àpótí rẹ̀. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gé nǹkan kan. Ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ lè lọ lọ́la. Ẹni tó gbin iṣu ti jókòó. Á kọ ebè, á da ewé bò ó, á ri ọ̀pá fún un kó máa fà, á dúró de òjò, á dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń gbin iṣu kò ní báàgì kan tó ti dì sílẹ̀.

Òun gbin ewé kí Ruqoyyah lè padà. Ohun tí ewé náà lọ sọ fún un ni pé kó jókòó.

Ó wọlé. Ìkòkò Ruqoyyah wà níbi tó gbé wọn sí nígbà tí òun kó dé Idu, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lórí. Orógùn wà lórí ìṣó. Ìró kan wà tó fi ń bo orí bó bá ń kírun, kò ní òórùn rẹ̀ mọ́. Jàbárù mọ̀, nítorí ó ti gbóòórùn rẹ̀ débi tí òórùn tirẹ̀ ti borí.

Ó se nínú yánrin náà fún ara rẹ̀. Ruqoyyah kò parọ́. Kò korò.

"Ẹ dákẹ́ lónìí," ni Akínjídé wí nígbà tó dé. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ń tú táì.

"Ìyàwó mi ní kí n fi omi àgbá ránṣẹ́ sóun."

"Ẹ bù ú. Kì í ṣe pé ó wọ́n wa."

"Iṣu ló fẹ́ fi gbìn."

Ó yé Akínjídé. Ọmọ Èkìtì ni, iṣu ni bàbá rẹ̀ fi rán an níléèwé. Ó ká táì náà mọ́ ọwọ́, ó tú u, ó tún ká a.

"Iṣu," ó wí.

"Iṣu, ọ̀gá."

*

Kò lè ṣe é kó má fi í ránṣẹ́. Kò sí ohun tí Ruqoyyah bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí tó sọ pé òun kò ní. Ó wá kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ta òróró, ó fọ̀ wọ́n mọ́. Ó bu omi náà láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ Yínúsà máa lọ, látẹnu àgbá tààrà sínú kẹ́ẹ̀gì. Kò sí àyè fún ọpọ́n, kò sí àyè fún atẹ́gùn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni òórùn. Kò fẹ́ kí èrò inú ọkọ̀ fi ìyàwó òun ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó bá wá gba ẹrù. Nítorí náà ó kún wọn dé ẹnu. Ó dé wọn pa. Ó fi nọ́lọ́nù wé orí ìdérí, ó fi rọ́bà táyà de nọ́lọ́nù náà, ó fi eyín fa kókó rẹ̀ le.

"Kì í ṣe epo bẹntiróòlù?" ni Yínúsà bi í.

"Ajílẹ̀ ni. Olómi."

"Kò ní dà?"

"Kò sí ibi tó máa gbà dà."

Òtítọ́ ló sọ. Kò sí ibi tó máa gbà.

Nígbà tí Yínúsà padà sí Àbújá, kò pè é lórí fóònù. Ó wa ọkọ̀ náà wá sí Idu, ó ṣí gbogbo fèrèsé rẹ̀, ó dúró sẹ́nu géètì. Òórùn ló kọ́kọ́ dé. Jàbárù mọ̀ ọ́n.

"Bàbá," ni Yínúsà wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an, "kí lẹ dì sínú kẹ́ẹ̀gì yẹn?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"A ti kọjá Lọ́kọ́jà. Oòrùn ti mú. Mo gbọ́ gbòlà. Mo ní táyà ti lọ. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sọ̀ kalẹ̀, táyà pé. Mo tún gbọ́ gbòlà. Àfáà kan tó jókòó lẹ́yìn wá ní, 'Awakọ̀, nǹkan kan ń ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀.' Obìnrin kan wọ léèsì funfun. Ìgbéyàwó ló ń lọ, Bàbá. Ìgbéyàwó. Ìdí igi ló ti pààrọ̀ aṣọ."

"Áà."

"Mo ní kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ó ṣì ń mí ni. Mo gbàgbé. Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ kó mí tán."

"Kí ló ń mí?"

"Omi náà."

Yínúsà wò ó títí. "Ẹ gbé ohun tó ń mí sínú ọkọ̀ mi," ó wí, "ẹ ò sì gba tíkẹ́ẹ̀tì fún un."

Wọ́n jọ fọ ọkọ̀ náà. Ọṣẹ, omi, èèpo ọsàn, ọṣẹ. Yínúsà ń sọ̀rọ̀ lọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń fọ̀: kò sí awakọ̀ kan ní gbogbo páàkì Utako tó máa gba ẹrù Jàbárù mọ́, bó jẹ́ búrẹ́dì, bó jẹ́ Àlùkùránì. Jàbárù ń gbà á. Ó ń nu ìjókòó. Ó ń fún kànrìnkàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bèèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀.

"O rí i?"

"Ta ni?"

"Ìyá Rahmah."

"Mo rí i. Ó wá sí gáréèjì. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì tó ya lé e lọ́wọ́. Mo ní, 'Ọkọ yín ní kí n kí yín.' Mo rò ó fún un bó ṣe lọ." Yínúsà da omi dúdú jáde lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. "Ó rẹ́rìn-ín."

Ọwọ́ Jàbárù dúró. "Ó rẹ́rìn-ín?"

"Mo ní ó rẹ́rìn-ín."

"Báwo?"

"Báwo ni báwo? Ẹ̀rín ni. Ó jókòó sórí báàgì oníbàágì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, báyìí."

Yínúsà fi ọwọ́ tó ní ọṣẹ bo ẹnu ara rẹ̀. Ọwọ́ òsì. Ọwọ́ òsì náà ni. Eyín Ruqoyyah kan ti kán lápá ibẹ̀ láti ìgbà ọmọge, látìgbà náà kò rẹ́rìn-ín kó má fi ọwọ́ yẹn bò ó, bó ti wù kí ẹ̀rín náà dùn tó.

"Tún un ṣe," ni Jàbárù wí.

Yínúsà wò ó. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ òdì. Lẹ́yìn náà ó tún un ṣe.

*

Ẹ̀rín kò tíì tán lẹ́nu Ruqoyyah nígbà tó pè. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó ń sọ "léèsì", á tún bẹ̀rẹ̀. Jàbárù gbé fóònù mọ́ etí, kò mí, kó má baà fi èémí tirẹ̀ bo èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Ó wá tán díẹ̀díẹ̀, bí òjò.

"Wọn ò ní gbà á mọ́," ni Ruqoyyah wí.

"Wọn ò ní gbà á."

"Iṣu mi wá ńkọ́?"

Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè níta. Jàbárù dúró kó kọjá. Ó gùn lónìí. Ó kọjá, ó lọ, ó tán. Kò sí ẹran tó lè rà. Kò sí awakọ̀ tó máa gbà á. Kò ku nǹkan kan tó lè fi ránṣẹ́.

"Ìyá Rahmah."

"Mò ń gbọ́."

"Máa bọ̀ wálé."

"Wálé? Ilé kọ́ ni mo wà yìí?"

"Wá sọ́dọ̀ mi," ni Jàbárù wí.

Adìyẹ kan ké lápá ibẹ̀. Ọmọdé kan ń sunkún, wọ́n rẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Jàbárù yọ fóònù létí, ó wò ó bóyá ó ti já. Kò já.

"Ṣé ẹ ní ẹnu látọjọ́ yìí?" ni Ruqoyyah wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ohùn rẹ̀ sún mọ́ ọn gan-an.

"Mo ní."

"Mo rò pé ẹ ò ní."

Jàbárù bèèrè nípa iṣu.

"Ó ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màámi," ni Ruqoyyah wí. "Mi ò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀." Lẹ́yìn náà: "Ebè yánrin yín, ṣé ó ju ọ̀kan lọ?"

"Ó pọ̀."

"Ẹ yọ ọ̀kan sọ́tọ̀. Ẹ má fún un lómi àgbá mọ́. Omi òjò nìkan. Ẹ jẹ́ kí ebi pa á. Yánrin tí ebi kò bá pa kì í korò."

"Ó lè kú. Yangí ni ilẹ̀ yìí."

"Gbòǹgbò rẹ̀ ti mọ ilẹ̀ báyìí, kò ní kú. Lẹ́sẹ̀ ògiri Màámi, ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

"Bó bá wá korò?"

"Màá wá tọ́ ọ wò."

"Nígbà wo?"

"Mo ní bó bá korò, Bàbá Rahmah."

*

Èyí tó wà létí ọgbà ló yọ sọ́tọ̀, níbi tí òkúta pọ̀ sí.

Láàárọ̀, á gbé agolo. Á wọ́n omi dúdú sí ebè kìíní, sí ìkejì, sí gbogbo wọn. Wọ́n ń sanra. Ó ti ń tà wọ́n ní Utako báyìí fún àwọn tó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ń fi jẹ ìrẹsì. Nígbà tó bá dé etí ọgbà, omi á ṣì kù nínú agolo, á máa kán sí i lẹ́sẹ̀. Á dúró. Á gbé agolo náà kọjá.

Ọwọ́ ń yún un. Ó rọrùn fún un láti gé èèpo ọdún kan ju láti gbé omi kọjá nǹkan tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ewé ebè náà dín kù. Ó nípọn. Ó yọ eyín létí. Àwọ̀ bí ti àlùbọ́sà pupa jáde ní iṣan rẹ̀.

"Bàbá Rahmah, ẹ gbàgbé eléyìí," ni Akínjídé wí ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó fi bàtà tọ́ka sí i.

"Mi ò gbàgbé rẹ̀."

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń wò yín ni?"

"Mo rí i."

Akínjídé wo ebè, ó wo ọkùnrin náà. Ó rí ìkòkò tí wọ́n dojú wọn dé sójú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ńlá àti kékeré, tí wọ́n fi iyanrìn bó títí wọ́n fi ń kọ mànà. Ó rí orógùn tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sá. Ó ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìpàdé wà. Ó lọ.

Jàbárù tẹ̀ ba. Ó já ewé kan, èyí tó kéré jù. Wàrà funfun sun jáde ní ojú ibi tó ti já, ó ki. Ó fi ewé náà sẹ́nu, ó rún un díẹ̀, ó dá dúró, ó di ojú.

Kò tíì sí nǹkan kan. Omi. Koríko. Ó dúró.

Lẹ́yìn náà, ní ìdí ahọ́n, níbi tó jìn sí jù, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.